Nígbà tí sogúndogójì gba iṣẹ́ báńkì ṣe: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Albáníà láti 1992 títí di 2004

Màlúù ni àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń tà. Nígbà tí ọdún 1996 ń lọ sópin, ojú ọ̀nà tó wọ Tirana, olú ìlú Albáníà, kún fún ẹran ọ̀sìn tí àwọn tó ni wọ́n ń dà lọ sọ́jà. Ìlú náà ń rùn bí ilé ìpẹran, igbe ẹran sì gba gbogbo àdúgbò kan. Kì í ṣe ọdún ni wọ́n fẹ́ ṣe, ebi ò sì lé wọn débẹ̀. Owó ẹran náà ni wọ́n fẹ́ kó fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣèlérí pé àwọn yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àwọn ará ìlú ńlá tí kò ní màlúù ta ilé tí wọ́n ń gbé. Kí oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, owó náà ti wọmi, ìjọba ò lágbára mọ́ ní gbogbo gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ìbọn sì ti wà lọ́wọ́ ọmọdé.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti orí dé ìdí, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Wọ́n á ní ojú kòkòrò ló pa wọ́n, wọ́n á mi orí, ó parí. Ojú kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè tó ní mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn àti díẹ̀ ló fowó sí i. Ìlú kì í haragàgà lọ́jọ́ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ ṣáájú. Ohun tó bàjẹ́ náà ni àtúnṣe báńkì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tí àwọn àjọ ńlá àgbáyé ń tì lẹ́yìn, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní agbedeméjì ọ̀nà. Ibi tí báńkì fi sílẹ̀ lófìfo ni sogúndogójì, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ẹni tó dé lónìí san èlé ẹni tó dé lánàá, wá tẹ́ní sí.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ irú ilé tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti jáde wá. Enver Hoxha ló ṣe olórí Albáníà láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí títí tó fi kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1985. Kò sí ìjọba kọ́múníìsì mìíràn ní Yúróòpù tó há èèyàn mọ́lé tó tirẹ̀. Ó bá Yugosláfíà jà, ó bá Rọ́ṣíà jà, ó bá Ṣáínà náà jà nígbẹ̀yìn. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1976 ka yíyá owó lọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè léèwọ̀. Kò sí ẹni tó ní ilé ìtajà tirẹ̀, aládàáni kankan ò sì gbọdọ̀ ní mọ́tò. Àpótí ìjọba ni báńkì jẹ́: ibi tí ìwé àṣẹ bá ní kí owó lọ ló ń lọ, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè bóyá ẹni tó gbà á yóò lè dá a padà. Nítorí náà, ẹni ogójì ọdún ní Albáníà ní 1992 kò tíì rí i rí kí ilé-iṣẹ́ kan wọ gbèsè kó sì pa rẹ́. Gbogbo ohun tó bá ti tóbi, tó ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn mínísítà sì ń yọjú sí, ti ìjọba ni lójú tirẹ̀, ti ìjọba kì í sì í kú.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, ẹgbẹ́ Dẹmokírátíìkì wọlé ìbò, Sali Berisha tó jẹ́ dókítà ọkàn sì di ààrẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti dákẹ́ nígbà náà, ọ̀wọ́n gógó ọjà sì ti kọjá ìdá 200 nínú 100 lọ́dún. IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, àti Báńkì Àgbáyé dé pẹ̀lú owó àti ìmọ̀ràn. Iṣẹ́ ń lọ, kí a má parọ́: nígbà tí 1995 ń parí, ọ̀wọ́n gógó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 6, ọrọ̀ ajé sì ń dàgbà ní nǹkan bí ìdá 9 lọ́dọọdún láti 1993. Ní gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó kúrò lábẹ́ kọ́múníìsì, Albáníà ni wọ́n máa ń nawọ́ sí pé ẹ wo ọmọ tó gbọ́n.

Ní ti báńkì, òfin ọdún 1992 ya báńkì àpapọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn báńkì tí ará ìlú ń fowó sí. Mẹ́ta péré ni àwọn yìí, ti ìjọba sì ni gbogbo wọn: Báńkì Ìfowópamọ́, Báńkì Ìṣòwò Orílẹ̀-èdè, àti Báńkì Ìgbèríko tó wà fún àwọn àgbẹ̀. Ọwọ́ àwọn mẹ́ta yìí ni nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 gbogbo owó ìfipamọ́ wà. Orúkọ ti yí padà, pátákó ti yí padà, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn káńtà náà ni ti tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo oníṣòwò lójú, kí wọ́n yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, kí wọ́n sì pinnu bóyá ó tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ó yá àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń kú lọ lówó nítorí pé ọ̀gá ní kó yá wọn. Ó tún yá àwọn tó mọ ọ̀gá. Láàrin ọdún díẹ̀, owó tó pọ̀ gan-an nínú èyí tí wọ́n yá jáde ti di awáàwárí.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni mo kà sí ìkorítà ìtàn yìí. Báńkì àpapọ̀ fi òdiwọ̀n líle sórí iye tí àwọn báńkì ìjọba lè yáni, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkèèrè. Ọgbọ́n wà ńbẹ̀: bí garawa bá ń jò, èèyàn kì í tún bu omi sí i. Ṣùgbọ́n wọn ò dí ihò garawa, wọn ò sì ra òmíràn. Wọ́n kàn ti ẹ̀rọ omi pa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan fẹ́ ṣí ilé búrẹ́dì ní ìlú Fier ní 1995. Ó ní ilẹ̀, ó ní ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì ní Gíríìsì, owó ẹ̀rọ ló kù. Báńkì á ní òdiwọ̀n òun ti pé. Báńkì aládàáni ò tó nǹkan, àwọn díẹ̀ tó sì wá láti òkèèrè kò wá fún irú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó tó wà lẹ́yìn òfin ni yóò lọ.

Báyìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ayánilówó aládàáni ṣe di gbajúmọ̀. Àwọn aláṣẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn wọn, nítorí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí báńkì ò ṣe. Àwọn tó ń yáni lówó nílò owó tí wọn yóò yáni, ni wọ́n bá ń gba owó ìfipamọ́. Owó sì ń wọlé sí ìlú nígbà náà bí òjò. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́ Albáníà ti sá lọ sí Gíríìsì àti Ítálì láti 1990, wọ́n ń ká ólífì, wọ́n ń lẹ bíríkì, wọ́n sì ń fowó ránṣẹ́ sílé, èyí tó pọ̀ jù nínú àpò ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tí owó náà bá délé, bàbá àti ìyá ní ọ̀nà mẹ́ta: kí wọ́n kì í sábẹ́ ibùsùn, kí wọ́n lọ tò ní báńkì ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀ bí ìgbín, tàbí kí wọ́n rìn dé ọ́fíìsì tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà, níbi tí wọ́n ti ń kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, tí èlé sì ń jáde lóṣooṣù láìyẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó ṣòro fún ará ìlú láti dá wọn mọ̀ yàtọ̀. VEFA ló tóbi jù. Ó ní ilé ìtajà ńlá tí èèyàn lè wọ̀ lọ ra mílíìkì, ó ní òwò lóríṣiríṣi, ìpolówó rẹ̀ sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Gjallica wà ní ìlú Vlorë létí òkun, Kamberi náà wà, Silva àti Cenaj náà wà: àwọn wọ̀nyí ní nǹkan díẹ̀ tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n Sude, Xhafferi àti Populli kò ní nǹkan kan rárá ju owó ẹni tó dé lónìí tí wọ́n fi ń san ti ẹni tó dé lánàá. Ẹni tó dá Sude sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bàtà rí. Orúkọ Populli túmọ̀ sí "àwọn èèyàn", orúkọ tó máa ń dùn mọ́ni. Xhafferi àti Populli nìkan fa èèyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì mọ́ra láàrin oṣù díẹ̀.

Kí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí eré ní 1996? Nígbà tí ogun ń lọ ní Bosnia, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òfin de òwò pẹ̀lú Yugosláfíà tó bá Albáníà pààlà, ẹni tó bá sì lè fayawọ́ epo mọ́tò gba ẹnu ààlà ilẹ̀ Albáníà ń rí èrè ńlá. Ọ̀pọ̀ gbà pé owó fàyàwọ́ yìí wà lára ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi ń san èlé. Ní ìparí 1995, wọ́n dá òfin náà dúró, orísun yẹn sì gbẹ. Ilé-iṣẹ́ tó ti ń san ìdá 4 tàbí 5 lóṣù kò rí èrè mọ́, ṣùgbọ́n kò lè dẹ́kun owó sísan, nítorí ọjọ́ tó bá dẹ́kun ni wọn yóò ya lù ú. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kó fa ẹni tuntun wọlé, bẹ́ẹ̀ èlé tó ga sí i ni ìdẹ rẹ̀. Ló bá di ìdá 8 lóṣù. Ní oṣù Keje 1996, Kamberi sọ ọ́ di 10. Ní oṣù Kẹsàn-án, Populli gbé e kọjá 30. Ní oṣù Kọkànlá, Xhafferi ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po mẹ́ta lóṣù mẹ́ta, Sude dáhùn pé òun yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lóṣù méjì.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Sude. Bí owó bá di méjì lóṣù méjì, á di mẹ́rin lóṣù mẹ́rin, á di mẹ́jọ lóṣù mẹ́fà. Bí ọdún bá yí po, á ti di ìlọ́po 64. Èyí ni pé bí Sude bá gba mílíọ̀nù kan dọ́là ní oṣù Kínní tí kò sì sẹ́ni tó gbowó rẹ̀ jáde, mílíọ̀nù 64 ló jẹ ní oṣù Kínní ọdún kejì, yóò sì kọjá bílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún kan sí i, ìyẹn ju gbogbo ohun tí Albáníà ń pèsè lọ́dún kan lọ. Ti Populli tí wọ́n ní ó kéré, ìdá 30 lóṣù, ọgọ́rùn-ún lek, owó Albáníà, yóò di bí 2,330 lọ́dún kan. Kò sí oko, kò sí ibi ìwakùsà, kò sí fàyàwọ́ tó ń so èso báyìí. Ọmọ ilé ìwé gíga lè ṣe ìṣirò yìí. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣe é ò jáde sọ ọ́ lásìkò tí ó lè wúlò.

Mo máa ń ronú kan alájọ wa níbí. Alájọ ilẹ̀ Yorùbá kì í fi kún owó ẹni. Ọgbọ̀n ọjọ́ lo dá, ọjọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, òun lo san fún nítorí pé ó bá ẹ tọ́jú owó. Àwọn àgbà tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ mọ̀ pé ìtọ́jú owó ní iye tó ń náni, ẹni tó bá sì ní òun á tọ́jú rẹ̀ fún ọ, òun á tún fún ọ lówó lórí rẹ̀, ó yẹ kó lè fi oko tí òun gbìn ín sí hàn ọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn ò gbà wá náà. Sergei Mavrodi tó dá sogúndogójì MMM sílẹ̀ ní Rọ́ṣíà, tí tirẹ̀ tú ká ní oṣù Keje ọdún 1994, orúkọ MMM yẹn kan náà ló dé Nàìjíríà, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn wa ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016, ọdún ku díẹ̀, báńkì àpapọ̀ sì ti kìlọ̀ títí. Romania ti rí tirẹ̀ pẹ̀lú: Caritas, ní ìlú Cluj, tú ká ní 1994. Nítorí náà, nígbà tí Albáníà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní 1996, àpẹẹrẹ méjì ti wà nílẹ̀ lágbègbè kan náà, láàrin orílẹ̀-èdè tí irú àjọ kan náà ń gbà nímọ̀ràn. Ibi tí mo ti dá àwọn olùrànlọ́wọ́ náà lẹ́bi nìyẹn. Wọ́n tẹjú mọ́ àìtó owó ìjọba àti ọ̀wọ́n gógó ọjà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi wo ọ́fíìsì tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà títí ó fi pẹ́.

Ta ló yẹ kó dá a dúró? Òfin báńkì tuntun ti oṣù Kejì ọdún 1996 fún báńkì àpapọ̀ lágbára láti ti ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba owó ìfipamọ́ láìgbàwé àṣẹ. Lórí ìwé nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwọn kì í gba owó ìfipamọ́, àwọn kàn ń yá owó lọ́wọ́ ará ìlú ni. Báńkì àpapọ̀ kò rí ẹni tì í lẹ́yìn nínú ìjọba, agbófinró tí a bá sì fi sílẹ̀ lóun nìkan, idà igi ló mú dání. Ìdí tí ìjọba ò fi dìde kò fara sin: ọdún ìbò ni 1996, lára àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì fowó ran ẹgbẹ́ tó wà níjọba lọ́wọ́. Láàrin ọdún náà ni IMF àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ tó le. Ilé-iṣẹ́ ìṣúná fẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ fún ará ìlú ní oṣù Kẹwàá, àmọ́ wọ́n fi àlàyé kan kún un tó sọ ìkìlọ̀ náà di asán: wọ́n ní sogúndogójì pọ́ńbélé ni kí èèyàn sá fún, pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní òwò tòótọ́ yàtọ̀. VEFA àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìyẹn bí ìwé ẹ̀rí. Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí iná ti ń jó òrùlé, olórí ìjọba àti olórí ilé aṣòfin lọ sí ayẹyẹ ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ. Kí ni a fẹ́ kí àgbẹ̀ tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n rò?

Nígbà tí oṣù Kọkànlá fi ń parí, àpapọ̀ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà jẹ ará ìlú jẹ́ bílíọ̀nù 1.2 dọ́là, tó sún mọ́ ìdajì ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Ọjọ́ 19 oṣù náà ni Sude kùnà láti san. Ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ẹni tuntun ò wá mọ́, ẹni àtijọ́ ló ń kan ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kínní ọdún 1997, Sude wó pátápátá, Gjallica náà sì kanlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì.

Nǹkan kan wà nínú ohun tí ìjọba ṣe nígbà yẹn tí mo gbà pé ó tọ̀nà, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Owó àwọn sogúndogójì wọ̀nyí, inú báńkì ìjọba ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Báńkì àpapọ̀ fi òfin dé e pé iye tí ẹnikẹ́ni lè gbà jáde lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 30 lek lọ, ìyẹn bí 300,000 dọ́là. Kò kan ará ìlú, nítorí kò sí olùkọ́ tó ní irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn onílé-iṣẹ́ ló dí lọ́nà, kí wọ́n má baà palẹ̀ owó mọ́ lọ́jọ́ kan kí báńkì sì wó tẹ̀ lé wọn. Ìjọba tún dí àpò owó Xhafferi àti Populli pa, àádọ́ta lé nígba mílíọ̀nù dọ́là ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pín in padà fún àwọn tó ni ín díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti tẹ owó tuntun fi san àdánù ìyókù. Ọ̀rọ̀ yẹn korò, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, àtẹni tó fowó sí i àtẹni tí kò fowó sí i ni ì bá jọ sunkún.

Ọ̀rọ̀ ti kọjá báńkì báyìí. Ní ìlú Lushnjë, ní oṣù Kínní, àwọn èèyàn mú Tritan Shehu, igbákejì olórí ìjọba, mọ́ inú pápá ìṣeré nígbà tó wá pẹ̀tù sí wọn nínú. Vlorë, ilé Gjallica, gbaná jẹ ní oṣù Kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ìjọba kéde pàjáwìrì, ṣùgbọ́n sójà ń ju aṣọ sílẹ̀ lọ sílé, ará ìlú sì ya wọ ilé ìkóhun ìjà, wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ìbọn. Wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, wọ́n dáná sun ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti owó orí. Nǹkan bí 2,000 èèyàn ló kú kí ọdún náà tó parí. Àwọn tí wọ́n ti ta ilé fún owó èlé wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì. Ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Katër i Radës gbéra ní Vlorë, ó sì kọlu ọkọ̀ ojú omi ológun Ítálì ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Ó ju ọgọ́rin èèyàn tó kú sómi, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ọjọ́ náà gan-an ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé buwọ́ lu ìpinnu 1101, tó jẹ́ kí Ítálì kó nǹkan bí 7,000 ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mélòó kan wọlé ní oṣù Kẹrin láti ṣọ́ ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé. Wọ́n dìbò ní oṣù Kẹfà sí Keje, ẹgbẹ́ Sọ́ṣíálíìsì wọlé, Berisha sì fipò sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àtúnṣe tí ó yẹ kó ti wà láti 1992 wá bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbẹ́kẹ̀lé ará ìlú sì ti gbẹ. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣòfin tó ka sogúndogójì léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí sogúndogójì jẹ́ gan-an, ni wọ́n bá tún un ṣe. Ní oṣù Kọkànlá 1997, wọ́n yan àwọn aṣírò owó láti òkèèrè láti gba àkóso àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù. VEFA kọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ ilé ẹjọ́, ọdún 1998 ni ọwọ́ wọ́n tó wọ inú ìwé owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kéré jọjọ sí gbèsè tó wà nílẹ̀. Ilé ìtajà wà lóòótọ́. Èrè ló ṣaláìsí.

Ní ti báńkì, òfin báńkì àpapọ̀ tuntun jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, òfin àwọn báńkì ìṣòwò sì tẹ̀ lé e ní 1998, èyí tó ní eyín lẹ́nu. Wọ́n ti Báńkì Ìgbèríko pa. Wọ́n ta Báńkì Ìṣòwò Orílẹ̀-èdè ní ọdún 2000: ìdá 60 fún Kentbank ti Tọ́kì, ìdá 20 fún EBRD, báńkì ìdàgbàsókè Yúróòpù, ìdá 20 fún IFC tó jẹ́ apá kan Báńkì Àgbáyé. Kò tíì pé ọdún méjì tí Kentbank fúnra rẹ̀ fi wó lulẹ̀ nílé, àwọn aláṣẹ Tọ́kì sì gba ìdá rẹ̀. Báńkì Ìfowópamọ́, tí èyí tó ju ìdajì owó ìfipamọ́ orílẹ̀-èdè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n kó sí àhámọ́: ó lè gba owó, kò gbọdọ̀ yáni. Ìwé gbèsè ìjọba nìkan ni wọ́n jẹ́ kó máa fi owó rẹ̀ rà. Ewu ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì Fier ṣì dúró níta.

Ohun tó kàn mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 2002. Ìjọba ti ń múra láti ta Báńkì Ìfowópamọ́, ilé aṣòfin sì ń jíròrò òfin kan tó dára: àjọ tí yóò máa san owó àwọn tó ní ìfipamọ́ padà títí dé ìwọ̀n kan bí báńkì bá kú. Irú rẹ̀ ì bá ti gba ọ̀pọ̀ là ní 1996. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ìparí oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ẹni tó ti ta màlúù rí ṣe gbọ́ ọ: kí ló dé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ báńkì tó máa kú? Kí ni wọ́n mọ̀ tí wọn ò sọ fún wa? Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́nu Báńkì Ìfowópamọ́ àti Báńkì Ìṣòwò Orílẹ̀-èdè láti gba owó wọn. Ìwé ìfowópamọ́ wà lọ́wọ́, wọ́n ń ka owó náà lẹ́yọ lẹ́yọ kí wọ́n tó kúrò níwájú káńtà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Báńkì náà kò ṣe ohun kan tó burú. Owó wà níbẹ̀, wọ́n sì san fún gbogbo ẹni tó wá. Sísan tí wọ́n ń san yẹn, láìbínú, láìti ilẹ̀kùn, ló pa iná náà, ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn aláṣẹ sọ lórí rédíò lọ.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti ta báńkì náà forí ṣánpọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, Raiffeisen ti Ọ́stríà gbà láti ra á ní mílíọ̀nù 126 dọ́là, ó sì wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2004. Òdiwọ̀n tó ní kí báńkì náà má yáni lówó kúrò. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí oníbúrẹ́dì Fier ti lọ béèrè lẹ́ẹ̀kọ́kọ́. Akọ̀wé tuntun kan yóò jókòó níwájú rẹ̀, yóò béèrè iye àpò ìyẹ̀fun tó ń lò lọ́sẹ̀, ẹni tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣe bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́.